Wáìnì Pupa, Èso Àjàrà àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé Àgbẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò dá lórí ajílẹ̀ tàbí irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ owó sì ni pẹ̀lú. Ó ti ń wọ ilé púpọ̀ láàárín wa, láti Bukuru títí dé Barkin Ladi àti Mangu, àwọn kan sì ti ń tipa rẹ̀ fi ara wọn wewu.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Bàbá kan wà láàárín wa tí nọ́ọ̀sì sọ fún ní ọdún tó kọjá pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Nígbà tí a ta pòtétò tán, ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú ńlá sọ fún un pé wáìnì pupa máa ń fọ iṣan ẹ̀jẹ̀, àti pé àwọn òyìnbó tó ń mu ún kì í ní àrùn ọkàn. Bàbá wá fi owó tí ì bá fi ra ajílẹ̀ ra páálí wáìnì kan. Alaalẹ́ ni ó ń mu ife kan, ó sì pa oògùn tì. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó gbà láti tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, oògùn yín ńkọ́?"

Bàbá dáhùn pé, "Ọmọ mi, mo ti rí èyí tó dùn jù ú lọ."

A rẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì kà kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ẹ̀jẹ̀ bàbá ti ru ju ti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà lọ. Bàbá ti padà sí ìdí oògùn rẹ̀ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ohun tí ó sì mú kí ó léwu nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fẹ́ ẹ bí a ti ń fẹ́ ọkà, kí a lè mọ èwo ni hóró, èwo sì ni ìyàngbò.

KÍ NI ÀJÀRÀ, KÍ SÌ NI WÁÌNÌ PUPA?

Èso àjàrà ni èso kéékèèké tó máa ń so ní ṣírí-ṣírí lórí igi tó ń fà bí iṣu. Òmíràn pupa tàbí dúdú, òmíràn sì ní àwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe wáìnì funfun, wọ́n á kọ́kọ́ fún omi èso náà kúrò lára èèpo, kí ó tó di ọtí. Ní ti wáìnì pupa, inú èèpo pupa náà ni omi rẹ̀ ti ń di ọtí. Ìdí nìyí tí ó fi pupa, tí ó sì fi ń fa ẹnu pọ̀ bí ẹni jẹ obì.

Nínú èèpo yìí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń wá wà. Oríṣiríṣi ni, ṣùgbọ́n èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni wọ́n ń pè ní resveratrol. Igi àjàrà kò ṣe é nítorí ènìyàn. Ara rẹ̀ ni ó fi ń gbà là: nígbà tí àrùn tó ń mú èso bu bá kọ lù ú, ohun yìí ni ó máa ń pèsè láti fi bá a jà. Ọdún 1939 ni onímọ̀ ará Japan kan kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde, láti ara igbó kan tí kì í ṣe àjàrà rárá. Ọdún 1992 ni àwọn olùwádìí tó rí i nínú wáìnì.

IBI TÍ ÒKÌKÍ WÁÌNÌ TI BẸ̀RẸ̀

Àwọn ará Faransé fẹ́ràn bọ́tà, wàràkàṣì àti ẹran ọlọ́ràá. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣe ìṣirò, àrùn ọkàn kò pa wọ́n tó bí ó ti ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1991, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, wọ́n ní ó lè jẹ́ wáìnì pupa ni. Láìpẹ́, títà wáìnì pupa lọ sókè gidigidi ní ilẹ̀ náà. Ní 1992, onímọ̀ ará Faransé kan, Serge Renaud, àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà.

Ní 2006, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn eku tó ń jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá ní resveratrol. Àwọn eku náà sanra bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ara wọn le jù, wọ́n sì pẹ́ láyé jù. Ìgbà náà ni ìròyìn wá gbalẹ̀ kan. Ní 2008, ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan, GlaxoSmithKline, ra ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe irú oògùn yìí ní mílíọ̀nù dọ́là 720. Ní 2010, wọ́n dá ìdánwò oògùn resveratrol náà dúró. Ní 2012 ẹ̀wẹ̀, yunifásítì Connecticut ní Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí wọn tó ń kọ̀wé yin ohun yìí ti yí èsì ìwádìí rẹ̀ po ní ọ̀nà 145. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọjà wa nìkan ni a ti ń da iyanrìn sínú ẹ̀wà.

ÌṢIRÒ TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò oko wo ọ̀rọ̀ àwọn eku yìí. Àwọn eku náà gba nǹkan bíi mìlígíráàmù 22 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara wọn lójúmọ́. Bí a bá fún ènìyàn tó wọn kílò 60 ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, yóò jẹ́ mìlígíráàmù 1,320. Resveratrol inú lítà wáìnì pupa kan kì í sábà ju mìlígíráàmù méjì lọ púpọ̀. Nítorí náà, kí ọ̀gbẹ́ni yìí tó rí ohun tí eku rí, yóò mu lítà 660 lójoojúmọ́. Nínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a fi ń pọn omi, ìyẹn lé ní kẹ́ẹ̀gì 26.

Ẹnìkan lè sọ pé ara eku àti ara ènìyàn kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Àní bí a bá dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, lítà 66 ni ó kù. Ọtí yóò ti pa ẹni náà tipẹ́ kí oògùn ibẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Bákan náà, díẹ̀ tí ènìyàn bá mu, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń yára yí i padà sí nǹkan mìíràn kí ó tó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ LÁRA ÈNÌYÀN FI HÀN

Ní agbègbè Chianti ní ilẹ̀ Ítálì, ibi tí wáìnì pupa ti jẹ́ ohun ojoojúmọ́, àwọn olùwádìí yẹ ìtọ̀ àwọn àgbà 783 wò láti mọ iye resveratrol tó ń wọ ara wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí èsì jáde ní 2014, àwọn tí tiwọn pọ̀ kò pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn kéré lọ. Àrùn ọkàn àti àrùn jẹjẹrẹ kò sì dín kù lára wọn.

Èyí tó wá kan ọ̀rọ̀ bàbá wa gan-an ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ọkùnrin 67 tí àrùn ọkàn lè tètè mú ni wọ́n kó jọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n mu wáìnì pupa. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, wọ́n mu wáìnì pupa tí wọ́n ti yọ ọtí inú rẹ̀ kúrò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n mu ọtí jíìnì. Nígbà tí wọ́n mu èyí tí kò ní ọtí, nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ ní bíi mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n mu wáìnì ọlọ́tí, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Jíìnì kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ìwádìí kékeré ni, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, a kò lè gbé gbogbo ẹrù lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ibi kan náà: bí oore kan bá wà nínú wáìnì pupa, inú èèpo èso ni ó ti wá. Ọtí inú rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, ó ń bà á jẹ́ ni.

Ní ti àwọn ará Faransé, àwọn onímọ̀ wá rí i pé àwọn tó ń mu wáìnì díẹ̀ díẹ̀ sábà máa ń lówó lọ́wọ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, wọ́n sì ń rí dókítà lásìkò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, púpọ̀ nínú àwọn tí a kà sí ẹni tí kì í mutí ti mutí rí. Àìsàn ni ó mú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí a bá rí i pé oko ẹni tó ní bàtà rọ́bà ń ṣe dáadáa, a kò ní sọ pé bàtà ni ó mú èso jáde.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ ỌTÍ FÚNRA RẸ̀

Ọtí máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Láti 1988 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà: jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀dọ̀, ìfun àti ọmú wà lára wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu fún ìlera. Wáìnì wà níbẹ̀, bíà wà níbẹ̀, bùrùkùtù náà wà níbẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fọwọ́ kan ọtí nítorí ẹ̀sìn. Àwọn mìíràn sì ń rántí ìmọ̀ràn Pọ́ọ̀lù fún Tímótì nípa wáìnì díẹ̀. A kò wá dá ẹjọ́ ẹ̀sìn níbí. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni tí kì í mutí má ṣe bẹ̀rẹ̀ nítorí ọkàn rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń mu ún, kí ó má ṣe pè é ní oògùn.

Ẹ ṢỌ́RA: ÀJÀRÀ KÌ Í ṢE GÍRÉPÙ

Àṣìṣe kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ tún ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa àjàrà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọsàn gírépù ni. Ọ̀tọ̀ ni àjàrà, ọ̀tọ̀ ni gírépù, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ yẹn.

Gírépù dára fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ó máa ń da àwọn oògùn kan rú. Ní ilẹ̀ Kánádà, ní 1989, ni àwọn olùwádìí ti ṣèèṣì rí i pé omi gírépù ń mú kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nifedipine, tí àwọn dókítà ń fún àwọn kan ní ilẹ̀ wa, wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn kan tí a fi ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù náà wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, kí ó mú páálí oògùn náà lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn, kí ó sì béèrè pé, "Ṣé mo lè jẹ gírépù sí i?" Ìbéèrè kékeré ni, ó lè gba ẹ̀mí là.

ÀWỌ̀ PUPA INÚ OKO TIWA

Ẹ̀bùn tí wọ́n ń wá nínú èèpo àjàrà kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe ohun tí wọ́n fi wáìnì ṣe. Oúnjẹ ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe oògùn.

1. Ẹ̀pà. Resveratrol wà nínú ẹ̀pà. Ìwádìí tó jáde ní 1999 fi hàn pé ẹ̀pà sísè ní in lọ́pọ̀lọpọ̀ ju ẹ̀pà yíyan lọ. Ẹ̀pà sísè tó wọn gíráàmù 100 lè ní tó ohun tó wà nínú ife wáìnì ńlá kan, láìsí ọtí níbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú èèpo pupa rẹ̀. Ẹ má sì fi iyọ̀ púpọ̀ sè é.

Ìkìlọ̀: ẹ̀pà tó ti bu kò ṣeé jẹ. Òtítọ́ ni pé ẹ̀pà ń pèsè ohun ìjà rẹ̀ nígbà tí àrùn bá kọ lù ú, ṣùgbọ́n àrùn náà ń pèsè májèlé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Májèlé yìí ni ó pa tòlótòló tó lé ní 100,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ti bàjẹ́ ṣe oúnjẹ wọn. Nínú ènìyàn, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè kò pa á, yíyan kò sì mú un kúrò tán. Ẹ tètè sá ẹ̀pà gbẹ lẹ́yìn ìkórè, ẹ ṣà á dáadáa, ẹ má sì fi èyí tó bu ṣe kúlíkúlí.

2. Ìṣápá pupa. Òdòdó rẹ̀ ni a fi ń ṣe sóbò. Irú àwọ̀ tó ń pọ́n èèpo àjàrà ni ó ń pọ́n òun náà. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fún ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru díẹ̀ ní omi ìṣápá tàbí omi aláwọ̀ lásán, ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èsì jáde ní 2010: nọ́ńbà òkè lọ sílẹ̀ ní bíi méje lára àwọn tó mu ìṣápá, ní bíi ẹyọ kan péré lára àwọn yòókù. Èyí dára, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò sí lórí oògùn. Ẹni tó wà lórí oògùn, tàbí obìnrin tó lóyún, kí ó kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ sì má da ṣúgà kún un títí yóò fi dà bí oyin.

3. Ọkà bàbà pupa. Ohun tó ń fún un ní àwọ̀ wà nínú èèpo rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá fi ṣe bùrùkùtù, ọtí ti dé nìyẹn. Bí a bá fi ṣe ògì tàbí túwó, tí a kò sì sẹ́ gbogbo èèpo rẹ̀ nù, oúnjẹ gidi ni.

4. Èso àjàrà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí i rà ní ọjà Jos, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo. Ẹ gé e sí méjì ní òró kí ẹ tó fún ọmọ kékeré, nítorí ó lè há a lọ́fun. Bí kò bá sí owó rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ pàdánù.

KÍ NI ẸLẸ́JẸ̀ RÍRU YÓÒ ṢE?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ara lè le kí ènìyàn máa ro ẹ̀bẹ̀ pòtétò láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, kí ó sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà:

(a) Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

(b) Ẹ lo oògùn lójoojúmọ́, bí ara tilẹ̀ le. Ẹ má dá a dúró láìsọ fún dókítà. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n yín lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ síta. Oògùn mìíràn tó rọ̀ jù lè wà.

(d) Ẹ dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo iyọ̀ inú oúnjẹ àgbàlagbà kan lójúmọ́ má ṣe tó ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágí wà nínú ìṣirò náà.

(e) Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso tí ẹ gbìn. Ẹ má ta gbogbo rẹ̀ ní Farin Gada kí ẹ wá fi owó rẹ̀ ra ìgò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Apá wo nínú èso àjàrà ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá wà?
2. Kí ló dé tí a kò lè fi ọ̀rọ̀ àwọn eku ṣe ìdí láti máa mu wáìnì?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àjàrà àti gírépù? Ta ni nínú ilé yín tó gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì?
4. Báwo ni a ṣe lè tọ́jú ẹ̀pà wa tí kò fi ní bu?
5. Ta ni nínú ilé yín tí wọn kò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Bàbá wa ní kí a kí yín. Ó ní òun ti fi ìgò wáìnì tó kù pọn epo pupa sí, ó sì ní ìgbà yìí gan-an ni ó tó ṣe òun láǹfààní. Kí oko ó so, kí ilé ó tòrò, kí á sì ní ìlera láti jẹ èrè iṣẹ́ wa. Ó dìgbà kan ná.